Igi Tó Ń So Ara Rẹ̀ Nínú Orí Ọmọ Mi

Ọmọ mi kékeré ń sáré káàkiri àgbàlá báyìí, ó ń lé adìyẹ, ó ń pariwo bí ẹni tó ni gbogbo Kabba. Bí mo bá jókòó tí mo ń wò ó, èémí ìtura tí mo máa ń mí síta, ẹni tó wà ní ilé kejì lè gbọ́ ọ. Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò nìyẹn. Mi ò kàwé lọ títí. Ìwé kẹrin ni mo ti fi ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà òrùlé. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bèèrè wò: nínú gbogbo àwa tí a ń gun òrùlé ní ilẹ̀ Okun yìí, kò sí ẹni tó mọ bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń di ọpọlọ tó èmi yìí. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n jù mí lọ, mi ò bá wọn jiyàn. Nínú àwọn káfíńtà, èmi ni.

Ọmọ náà dé nígbà tí ẹnikẹ́ni ò retí rẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ti pín gbogbo aṣọ ọmọ tó wà nílé fún àwọn ẹlòmíràn, àwọn ọmọkùnrin mi àgbà ti ń jí sòkòtò mi wọ̀, kí oyún tó yọ. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, àṣé páànù yín ò tíì dípẹtà!" Mo ní páànù tí èmi bá fọwọ́ ara mi kàn kì í dípẹtà.

Ìyá mi ló ń wẹ ọmọ náà. Ìmàle ni ìyá mi, ìyàwó mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ò jà sí ìyẹn rí nínú ilé wa. Ohun tí àwọn méjèèjì máa ń jà sí ni bóyá omi ìwẹ̀ ọmọ ti gbóná jù. Ìyá mi á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀ náà. Á fi kànkàn àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, á fi òrí pa á lára. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ gidi á tó bẹ̀rẹ̀. Á ki aṣọ bọ inú omi gbígbóná, á fún un gbẹ, á wá máa fi tẹ orí ọmọ díẹ̀díẹ̀, láti ìpàkọ́ dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, títí dé iwájú. Ó ní orí ọmọ tuntun kò yàtọ̀ sí iyán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú odó, bí o bá ṣe mọ ọ́n ni yóò ṣe rí. Ọ̀pọ̀ orí tó ń kọjá lójú títì wa, orí ọlọ́pàá, orí tíṣà, orí àwọn tó ti di ńlá ní Lọ́kọ́ja, ìyá mi ló mọ wọ́n. Bí olórí róbótó kan bá kọjá, á fi àgbọ̀n júwe rẹ̀, á ní, "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi bó ti ń lọ." Ẹ ti rí ibi tí mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń yin ara rẹ̀.

Orí ọmọ yìí wá kéré. Ó rí róbótó, kò wọ́, ṣùgbọ́n ó kéré. Ìyá mi ní kí ẹnikẹ́ni má dààmú, òun máa tẹ̀ ẹ́ títí á fi gbòòrò. Ó wá fi kún ìtẹ̀ náà.

Kò pẹ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fò lójú oorun. Apá á já, ẹsẹ̀ á já, bí ẹni tí iná mànàmáná gbé. Á dákẹ́, á tún ṣe é. Mo rò pé àlá ni ó ń lá. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá kí wa láti Ayétòrò-Gbẹdẹ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ọmọ tán, ọmọ ti sùn lọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ké. "Gìrì rèé o! Ìwọ, o ò rí i ni?" Àbúrò rẹ̀ ló ń bá wí, ṣùgbọ́n ìyá mi ló ń wò. "Ta ló tẹ orí ọmọ yìí báyìí? Ẹ ò rí bó ṣe kéré? Wọ́n ti tẹ ọpọlọ rẹ̀ pa!"

Ìyá mi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn balẹ̀ kó tó fèsì. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé ọmọ fún ìyàwó mi, ó da omi nù, ó dojú báàfù délẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò fọwọ́ kan ọmọ mọ́. Bí ọmọ bá ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á pe ìyàwó mi, "Ìyá ọmọ, ẹ wá gbé ọmọ yín o," á sì ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan, á jókòó lé wọn. Obìnrin kan bímọ ní ilé tó kọjú sí tiwa. Ẹlòmíràn ni wọ́n pè wá wẹ ọmọ náà. Ìyá mi rí i nígbà tí ẹni náà wọlé. Ó kàn gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo gbìyànjú láti tù ú nínú. Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ tẹ orí tèmi ni? Ṣé orí mi dàrú?"

Ó wò mí dáadáa. Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀."

Èmi náà ń rò ó, mi ò kàn jẹ́ kó hàn. Bí ọpọlọ ọmọ bá ti bàjẹ́ ńkọ́? Bó bá sì jẹ́ ọwọ́ ìyá mi ni ńkọ́, kí ni mo fẹ́ fi ìyá mi ṣe?

Nígbà tí a gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì fi okùn ìwọ̀n wọn orí rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó ní ká gbé e lọ bá dókítà ọmọdé ní ilé-ìwòsàn ńlá kan lọ́nà Ìyàgbà. Mo ní ìyá mi gbọ́dọ̀ bá wa lọ. Ó ní òun kò lọ. Mo ní, "Bí dókítà bá bèèrè bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́, ṣé èmi tí mò ń kan ìṣó ni mo fẹ́ dáhùn?" Ó wọ mọ́tò bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Mo ti ń retí bàbá àgbà kan tó wọ awò ojú tó nípọn. Ọmọbìnrin ni dókítà náà, ó lè jẹ́ ọmọ mi. Ó kí wa, "Okun o, ẹ kú ọ̀nà," ni mo bá mọ̀ pé ọmọ ilé ni. Ọmọ wa ti sùn lọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò níwájú dókítà. Dókítà ò ké. Ó wò ó títí, ó wá fi ìka họ àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ. Ọmọ lajú. Fífò náà dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé ó máa ń ṣe é tí kò bá sùn?"

Ìyàwó mi ní, "Rárá, Dókítà. Ojú oorun nìkan ni."

"Tó bá jẹ́ ojú oorun nìkan, tó sì ń dúró tí ẹ bá jí i, kì í ṣe gìrì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe é. Á lọ fúnra rẹ̀." Mo ti fẹ́ dìde kí n máa dúpẹ́. Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n jókòó. "Orí rẹ̀ tó kéré yìí ni mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Mo tún fìlà mi ṣe. Mo ní, "Òrùlé. Láti Kabba dé Ìyámoyè, bí ẹ bá rí òrùlé tí ìjì jà tí kò ká, ẹ má bèèrè ẹni tó kàn án mọ́."

"Ó dára, á rọrùn láti ṣàlàyé fún yín." Ó fa ìwé kan, ó ya òbìrí kékeré sínú òbìrí ńlá. "Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, nínú lọ́hùn-ún ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ń jáde. Ẹ rí sẹ́ẹ̀lì, òun ni yàrá kékeré tí ojú lásán ò lè rí, tí wọ́n fi kọ́ gbogbo ara wa. Ibi tí àwọn ti ọpọlọ máa gbé, etí òde níbí ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ rìn dé ibẹ̀."

"Wọ́n lẹ́sẹ̀?"

"Wọn ò lẹ́sẹ̀. Igi ni wọ́n ní nínú. Pùròtéènì ni, irú ohun tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹyin, ṣùgbọ́n èyí to ara rẹ̀ pọ̀ di ọ̀pá tínínrín tó ní ihò láàárín bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Àwọn míràn wà tó dà bí okùn. Ọ̀pá àti okùn yìí ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì wó. Àwọn náà ló ń gbé e rìn. Wọ́n ń so níwájú, wọ́n ń tú lẹ́yìn, wọ́n sì ń fa sẹ́ẹ̀lì lọ."

Mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Mo lu tábìlì. Mo ní, "Mo ti ṣe é rí!" A kan òrùlé gbọ̀ngàn gígùn kan ní Ìyámoyè, ọparun tí a fẹ́ dè tí a ó fi máa dúró lókè kò tó ìdajì ibẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ká lọ wá sí i. Mo ní rárá. A dè é ní ìpẹ̀kun kan, a kan páànù, a tú èyí tó wà lẹ́yìn, a gbé e lọ dè níwájú, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ títí gbọ̀ngàn fi parí. Gbogbo èyí ni mo rò fún dókítà pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀, títí kan bí baálẹ̀ ibẹ̀ ṣe bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ó sún mọ́ ọn gan-an."

"Ta wá ni káfíńtà inú ibẹ̀?"

"Kò sí káfíńtà."

"Ta ló ń so ó?"

"Igi náà ló ń so ara rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé ara wọn nínú omi sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á so. Bí kò bá sí iṣẹ́ fún wọn níbẹ̀ mọ́, wọ́n á tú. Pùròtéènì míràn wà tó kàn ń dì wọ́n mú, kí wọ́n má tú kó tó yẹ."

Ẹ rò ó wò. Láti kékeré ni mo ti ń kan igi mọ́ igi, ìṣó ti gún mi, òòlù ti bà mí ní àtàǹpàkò, mo ti já bọ́ láti òkè. Igi kan wá wà tí kò nílò mi rárá.

Dókítà ti gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bí ọ̀kan nínú àwọn pùròtéènì yìí bá ní àléébù, àwọn sẹ́ẹ̀lì á dúró sí ìdajì ọ̀nà. Wọn ò ní dé ilé. Ọpọlọ á wá tẹ́jú bí ẹ̀yìn igbá, orí lè kéré, gìrì lè wà, ọmọ lè má tètè jókòó. Òmíràn kì í jókòó rárá."

Ìyàwó mi fa ọmọ mọ́ra. "Ṣé òun ló ń ṣe ti wa yìí?"

"Mi ò mọ̀. Àwòrán inú orí ló máa sọ. Ẹ máa lọ yà á ní Ìlọrin, kí ẹ gbé e wá."

Nígbà náà ni ìyá mi, tó ti jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn láti ìgbà tí a ti wọlé, là ẹnu. "Dókítà, ìgbà wo ni wọ́n ń rìn?"

"Àwọn wo, Màmá?"

"Àwọn tí ẹ ní wọ́n ń rìn yẹn."

"Nínú oyún. Kí wọ́n tó bí i, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti dé ibi tó ń lọ."

"Kí wọ́n tó bí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án?"

Dókítà wò mí, ó wo ìyàwó mi tó ti gbójú sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú ìyá mi. "Màmá, ẹ̀yin lẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́?" Ìyá mi yọ ọwọ́ méjèèjì lábẹ́ itan, ó tẹ́ wọn síta fún un, bí ẹni tó ń fi ohun tó jí hàn. Dókítà dì wọ́n mú. "Ọwọ́ yìí kọ́ ló ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró lọ́nà. Ohun yòówù kí àwòrán fi hàn, ọ̀rọ̀ ọwọ́ yín kọ́."

"Mo gbọ́," ni ìyá mi wí. Ohùn tó fi ń dá àwọn tó ń wá ìbò lóhùn ló fi dá a lóhùn. Kò gbé ọmọ.

Lọ́nà Ìlọrin, igi yẹn ni mo ń rò. Bí igi òrùlé bá wọ́, mo lè fa ìṣó yọ kí n pààrọ̀ rẹ̀. Igi tí kò ní káfíńtà, bó bá wọ́, ta lo fẹ́ pè? Wọ́n gbé ọmọ mi sínú ẹ̀rọ kan tó ń dún bí ẹni ń gún agolo, wọ́n ní kí n dúró síta. Mo dúró. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ohun tí mo jẹ́. Wọ́n di àwòrán fún wa, ìyàwó mi gbé e sáyà títí a fi padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò jẹ́ kí n yọ ọ́ wò.

Dókítà gbé àwòrán náà síwájú iná. Ó wò ó, ó yí i, ó tún wò ó. Mo gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń mí lẹ́yìn mi.

"Bàbá, ẹ wá wò ó. Kí lẹ rí?"

Mo sún mọ́ ọn. Mo ní, "Ebè." Òótọ́ ni mo sọ. Ó dà bí oko iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè rẹ̀ tán, tí o bá ti orí òkè wò ó: ebè, poro, ebè, poro, wọ́n ń yí gba ara wọn lẹ́yìn.

"Ebè náà la fẹ́ rí," ló wí. "Kò tẹ́jú. Gbogbo wọn ti dé."

Mo ní, "Gbogbo wọn?"

"Wọ́n ti dé, Bàbá. Ọpọlọ rẹ̀ pé."

Ìyàwó mi fọwọ́ kan iwájú orí, ó fi kan àyà, ó bú sẹ́kún. Ìyá mi ní, "Alihamudu lilahi," ó sọ ọ́ ní àsọtúnsọ. Èmi jókòó sílẹ̀. Tí mo bá ní mi ò sunkún, ẹ gbà mí gbọ́. Eruku ọ̀nà Ìlọrin pọ̀.

Nígbà tí ọkàn mi padà sípò, mo rántí. "Orí wá ńkọ́? Kí ló dé tó kéré?"

Dókítà wo orí mi. Ó mú okùn ìwọ̀n. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fìlà."

Fìlà mi kì í kúrò lórí mi níta. Télọ̀ mi mọ̀ pé kí òun fi aṣọ méjì sínú rẹ̀ kó tó jókòó dáadáa, ọ̀ràn èmi àti télọ̀ nìyẹn. Mo ṣí i. Ó fi okùn yí orí mi ká, ó wò ó, ó tún un wọ̀n, ó yíjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀.

"Bàbá, orí yín kéré."

"Orí tèmi?"

"Ó kéré ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Ọ̀dọ̀ yín ló ti mú un. Ẹ máa gbé e wá kí n máa wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n kò sí àìsàn níbẹ̀. Orí ilé yín ni."

Ìyàwó mi tó ń sunkún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́, ó ń lu ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá mi ní, "Èyí náà, mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀, kò gbòòrò!"

Mo ní, "Dókítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kéré. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé gbogbo wọn ti dé."

Ìyá mi ti súnmọ́ tábìlì. "Ọmọ mi, ṣé mo lè máa wẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ máa wẹ̀ ẹ́, Màmá. Ẹ fi òrí pa á. Ẹ má fi aṣọ gbígbóná tẹ orí rẹ̀ mọ́. Àwùjẹ̀ tó rọ̀ lókè orí yẹn, kò fẹ́ ìtẹ̀. Orí ń mọ ara rẹ̀."

Ìyá mi wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo mọ ohun tó ń ṣe é, ó ti ṣe èmi náà lórí ọ̀rọ̀ igi yẹn. "Kò wá sí iṣẹ́ fún mi mọ́ nìyẹn?"

"Iṣẹ́ wà," ni dókítà wí. "Ẹ gbé e."

Ìyá mi wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi na ọmọ sí i. Ìyá mi nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìró rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò dọ̀tí, ó sì gbà á.

Kò gbé e sílẹ̀ títí a fi wọ mọ́tò. Ní ìtòsí Ayétòrò-Gbẹdẹ, ọmọ ti sùn lọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, apá rẹ̀ já, ẹsẹ̀ rẹ̀ já. Obìnrin tó jókòó tì wá, tó gbé agbọ̀n tòmátì lẹ́sẹ̀, fò sẹ́yìn. "Ìyá, gìrì ti gbé ọmọ yín! Dírébà, dúró!"

"Dírébà, máa lọ," ni ìyá mi wí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí ọmọ, kò tẹ̀ ẹ́, ó kàn bò ó. "Kì í ṣe gìrì. Ó ń sùn ni. Ọmọ mi yìí, gbogbo wọn ti dé ilé nínú orí rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa fò."

Obìnrin náà bi mí pé ta ló dé ilé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, mi ò sì tíì dé ìdajì rẹ̀ nígbà tí a wọ Kabba.